Bí wákàtí 4 ṣe di ìṣẹ́jú 3 nídìí ẹ̀rọ

Bí télọ̀ bá ní ẹ̀wù búlúù márùn-ún àti funfun mẹ́ta nílẹ̀, kì í rán búlúù kan kó tún yí sí funfun. Yóò rán búlúù tán kó tó yọ òwú, torí kò sí oníbàárà tó ń sanwó òwú yíyọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ilé-iṣẹ́ ńlá, àmọ́ níbẹ̀, “òwú” lè wúwo ju ọkọ̀ lọ.

Ẹ̀rọ tí ń tẹ irin pẹlẹbẹ di ara ọkọ̀ máa ń lo dáì, ìyẹn irin ńlá tí a gbẹ́ bí ohun tí a fẹ́ tẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá parí tó kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, dáì ilẹ̀kùn á sọ̀ kalẹ̀, òmíràn á gorí. Láti orí ilẹ̀kùn ìkẹyìn títí dé bọ́nẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó dára ni àkókò ìpalẹ̀mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ kíyè sí “tó dára”: ìgbà tí a fi tẹ àwọn tó bàjẹ́ wà nínú rẹ̀.

Ká ní ìpalẹ̀mọ́ gba wákàtí 4, tí títẹ ẹyọ kan gba ìṣẹ́jú 1. Bí a bá tẹ 100, ìṣẹ́jú 3.4 ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ. Bí ó bá jẹ́ 10,000, ìṣẹ́jú 1.024 péré ni. Abájọ tí wọ́n fi ń tẹ rẹpẹtẹ kalẹ̀, tí owó á wá máa sùn nínú ilé ìkẹ́rù.

Shigeo Shingo, ẹnjiníà ará Japan, ò gbà pé wákàtí 4 yẹn ò ṣeé dín. Ní 1950, ní ilé-iṣẹ́ Mazda ní Hiroshima, ó rí òṣìṣẹ́ tó ń sáré wá bóòtù (irin tí a ń yí láti fi de dáì mọ́ ẹ̀rọ) kan ṣoṣo fún ohun tó lé ní wákàtí kan, ẹ̀rọ sì dúró gbagidi. Ibẹ̀ ló ti pín iṣẹ́ sí méjì: èyí tó di dandan kí ẹ̀rọ dúró fún, àti èyí tí a lè ti ṣe sílẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Wíwá bóòtù kò sí lára ti àkọ́kọ́ rárá.

Ní 1969, ẹ̀rọ ìtẹrin 1,000 tọ́ọ̀nù ní Toyota ń gba wákàtí 4 fún ìpalẹ̀mọ́, Volkswagen ní Jámánì sì ń ṣe irú rẹ̀ ní wákàtí 2. Oṣù 6 ni Shingo àti àwọn ará Toyota fi sọ wákàtí 4 tiwọn di ìṣẹ́jú 90. Làwọn ọ̀gá bá tún ní ìṣẹ́jú 3 làwọn ń fẹ́. Oṣù 3 lẹ́yìn náà, ó bọ́ sí i.

Ẹ wo bóòtù. Bí a bá yí i nígbà 15, èyí tó kẹ́yìn nìkan ló ń mú nǹkan le. 14 yòókù, ìrìn lásán ni. Wọ́n wá dá ihò tó fẹ̀ lápá kan, tó fún lápá kejì: orí bóòtù á wọlé, á yí díẹ̀, ó ti mú. Wọ́n tún mú kí gbogbo dáì ga bákan náà, kí wíwọ̀n àti títún wọ̀n lè kásẹ̀ nílẹ̀.

Àkókò tí wọ́n jèrè, wọn ò fi tẹ ilẹ̀kùn jọ. Dáì ni wọ́n fi ń pààrọ̀ lemọ́lemọ́, kí ìwọ̀nba tí a nílò lónìí lè jáde lónìí.