SS Jeremiah O'Brien

SS Jeremiah O'Brien jẹ́ ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù tí wọ́n kàn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì gbóná gan-an. Ó wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní Liberty ship. Bíi 2,710 irú ẹ̀ ni Amẹ́ríkà kàn, àmọ́ méjì péré ló kù tó ṣì ń fi ẹ́ńjìnnì ara ẹ̀ rìn lójú omi, òun tó wà ní San Francisco àti John W. Brown tó wà ní Baltimore.

Ohun tó fa kíkan Liberty ship ni pé àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń ri ọkọ̀ akẹ́rù lójú òkun Atlantic lemọ́lemọ́, ẹrù ò sì gbọ́dọ̀ dúró, torí náà wọ́n mú àwòrán ọkọ̀ kan tó ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Bìrìtìkó wá, wọ́n tún un ṣe kó lè rọrùn láti kàn, wọ́n pín in fún yáàdì ìkanọkọ̀ 18 káàkiri Amẹ́ríkà. Tẹ́lẹ̀, ìṣó ńlá ni wọ́n fi ń kan irin ọkọ̀ mọ́ra, àmọ́ ní tàwọn yìí jórin-jórin ló ń jó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ pọ̀, obìnrin sì pọ̀ gan-an lára wọn torí àwọn ọkùnrin ti lọ sójú ogun. Ọkọ̀ náà ò dáa wò o, Ààrẹ Roosevelt fúnra ẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Yáàdì kan ní California tiẹ̀ kan ọ̀kan, Robert E. Peary, láàárín ọjọ́ mẹ́rin àti wákàtí 15 títí tó fi wọ omi ní 1942, àmọ́ ti ìpolongo nìyẹn, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́.

Ti Jeremiah O'Brien gba ọjọ́ 56. Yáàdì New England Shipbuilding ní South Portland, ìpínlẹ̀ Maine, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní May 6, 1943, wọ́n tì í sínú omi ní June 19, ó sì ti ṣetán kí oṣù náà tó parí. Ará Machias, ní Maine kan náà, ni ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ ọ́, òun ló ṣíwájú àwọn tó gba ọkọ̀ Margaretta lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lójú omi ní 1775.

Gígùn ọkọ̀ náà jẹ́ nǹkan bíi mítà 134, ó ní àyè ìkẹ́rùsí márùn-ún, eré ẹ̀ sì jẹ́ bíi kìlómítà 20 ní wákàtí kan, kẹ̀kẹ́ tó dáa lè bá a dé. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti di ti ayé àtijọ́ nígbà yẹn gan-an, sítíìmù (ìyẹn ooru omi tó ń hó) kan náà ló máa ṣiṣẹ́ nínú sìlíńdà mẹ́ta tẹ̀ léra kó tó jáde. Wọ́n mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tó dára jù ú lọ wà, àmọ́ àwọn ọkọ̀ ogun ló ń gba ìyẹn, èyí sì rọrùn láti ṣe, ó tún rọrùn láti kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́.

Ìrìnàjò méje ló lọ nígbà ogun. Mẹ́rin àkọ́kọ́ gbé e lọ sí Bìrìtìkó, ìkẹrin yìí ló sì sọ ọ́ di olókìkí, torí lẹ́yìn tí àwọn sójà Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó àti àwọn tó dara pọ̀ mọ́ wọn ya wọ Normandy ní France ní June 6, 1944, ìgbà mọ́kànlá ló kó sójà àti ẹrù ogun láti Bìrìtìkó lọ sí etíkun Omaha àti Utah. Lẹ́yìn náà ó gba ọ̀nà Pàsífíìkì, ó dé Chile, Peru, Australia, Philippines, India àti China, kó tó padà sí San Francisco ní 1946.

Látìgbà náà ó dúró pa ní Suisun Bay ní California fún ọdún 33, láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí ìjọba kó pamọ́. Wọ́n ń mú wọn níkọ̀ọ̀kan tà fún àwọn tó ń gé irin tà. Thomas Patterson tó ń ṣiṣẹ́ ní àjọ tó ń bójú tó àwọn ọkọ̀ náà rí i pé wọn ò tíì yí nǹkan kan padà lára O'Brien, ni ó bá ń ti orúkọ ẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé àwọn tí wọ́n fẹ́ tà. Ká ní kò ṣe bẹ́ẹ̀ ni, bóyá irin ẹ̀ ti di nǹkan míì tipẹ́. Nígbà tó di October 1979, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tan bọ́ílà tó ń se omi di sítíìmù, ọkọ̀ náà sì fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ jáde láìsí pé wọ́n fà á. Ní 1986 ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ohun ìtàn orílẹ̀-èdè.

Ní 1994, tí wọ́n ń ṣe àádọ́ta ọdún Normandy, ó gba Panama Canal kọjá dé England àti France, àwọn àgbà tó ti ṣiṣẹ́ ọkọ̀ nígbà ogun ló pọ̀ nínú àwọn tó wà á. Nínú gbogbo ọkọ̀ ńlá tó lọ síbẹ̀ ní 1944, òun nìkan ló padà lọ. Yàrá ẹ́ńjìnnì ẹ̀ náà wà nínú fíìmù Titanic ti 1997, òun ni wọ́n yà láti fi ṣe ti ọkọ̀ yẹn.

Ní May 23, 2020, iná ńlá jó Pier 45, èbúté tí wọ́n so ó mọ́ ní San Francisco, àwọn panápaná fi ọkọ̀ ojú omi wọn gbà á, wọ́n wá gbé e lọ sí Pier 35. Wọ́n ṣì ń gba àwọn èèyàn láyè láti wọ inú ẹ̀ wò, wọ́n sì máa ń tan ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.