Bí wọ́n ṣe gbé kámẹ́rà gun òkè aṣálẹ̀ Chile láti ya ọ̀run gúúsù

Ayé róbótó, ẹni tó bá wà ní London tàbí Boston ò lè rí àwọn ìràwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ gúúsù láéláé, bó ti wù kí tẹlískóòpù ẹ̀ tóbi tó, ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ló dí i lójú. Àwọsánmà Magellan méjèèjì, tí kì í ṣe àwọsánmà rárá, ìràwọ̀ lọ jàra ló kún inú wọn, ọ̀hún náà ni wọ́n wà. (Àwa tá a wà l'Ékòó, wọ́n ń yọ sí wa díẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀run, àmọ́ iná títì àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ò ní jẹ́ kéèyàn rí nǹkan kan.)

Cape Town lọ̀rọ̀ fótò ti kọ́kọ́ gbóná. Ní 1882 ìràwọ̀ onírù ńlá kan yọ, David Gill tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìworàwọ̀ ibẹ̀ ní kí wọ́n so kámẹ́rà fótógíráfà kan mọ́ ara tẹlískóòpù. Ìràwọ̀ onírù yẹn jáde dáadáa, àmọ́ àwọn ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló yà wọ́n lẹ́nu, ni Gill bá ní fótò ni wọ́n á máa fi ka ìràwọ̀ gúúsù. Ó ń yà á, Jacobus Kapteyn, onímọ̀ ìràwọ̀ kan, ń wọ̀n ọ́n ní Netherlands, àpapọ̀ ẹ̀ lé ní 450,000.

Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ló wá gbé e gun òkè. Uriah Boyden, ẹnjiníà kan, ti fi owó sílẹ̀ kó tó kú pé kí wọ́n kọ́ ilé ìworàwọ̀ síbi tó ga, wọ́n rán Solon Bailey, onímọ̀ ìràwọ̀ wọn, lọ sí Peru ní 1889, ìkùukùu ìgbà òjò lé e kúrò lórí òkè tó kọ́kọ́ pàgọ́ sí, ló bá kó lọ sí ìlú Arequipa níbẹ̀. Gíláàsì tí wọ́n fi kẹ́míkà kùn lójú kan ni fíìmù ìgbà yẹn, wọ́n á ṣí i sí ọ̀run, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dì í sínú àpótí, ọkọ̀ ojú omi á gbé e dé Boston. Lára gíláàsì wọ̀nyí ni Henrietta Leavitt, òṣìṣẹ́ Harvard, ti rí i ní 1912, nínú ìràwọ̀ 25 péré tí ìmọ́lẹ̀ wọn máa ń tàn tó tún máa ń ṣú, pé èyí tó bá ń pẹ́ kó tó tàn kó tún ṣú ló ń mọ́lẹ̀ jù. Ohun tí wọ́n wá fi ń wọn jíjìn àwọn galaxy, ìyẹn agbo ìràwọ̀ ńláńlá, nìyẹn o. Lójú tèmi, iṣẹ́ obìnrin yìí nìkan ti san owó Boyden padà.

Nígbà tó di 1927 Harvard kó ẹrù kúrò ní Peru lọ sí South Africa, òkè tó dáa jù ṣì wà níbi tí wọ́n fi sílẹ̀, níhà gúúsù Peru, ní Chile. Jürgen Stock, ọmọ Jámánì, ló lọ wá a. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà rán an lọ sí Chile ní 1959, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n pè é, ló bá di ti ọdún gbọọrọ. Títì ò sí, ìbaaka àti ẹṣin ló ń gùn, á gbé tẹlískóòpù kékeré dání, á sùn sórí òkè, á máa wò ó bóyá ìràwọ̀ ń gbọ̀n, torí fótò ìràwọ̀ tó bá ń gbọ̀n kì í mọ́. Ibẹ̀ gbẹ gan-an ni: omi òkun tútù tó ń gba ẹ̀gbẹ́ Chile kọjá kì í jẹ́ kí òjò gbéra, òkè Andes sì dí òjò Amazon lọ́nà, afẹ́fẹ́ òkun á wá máa fẹ́ jẹ́jẹ́. Ní 1962 wọ́n mú òkè Cerro Tololo, nǹkan bíi mítà 2,200 sókè. Àwọn ará Yúróòpù tó ti ń wá òkè kiri ní South Africa gbọ́, àwọn náà yíwọ́ padà, wọ́n ra òkè La Silla ní Chile níbẹ̀ ní 1964.

Gíláàsì ṣì ṣe bẹbẹ kó tó lọ o. Ní February 1987, ní Las Campanas, òkè mìíràn ní Chile, Ian Shelton, onímọ̀ ìràwọ̀ kan, ya Àwọsánmà Magellan ńlá, ó fọ fótò tán, ó rí àmì dúdú ràgàjì kan níbi tí kò yẹ kí nǹkan kan wà, ó jáde síta ó gbójú sókè, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìràwọ̀ tó bú gbàmù ni, irú ẹ̀ tí ojú lásán lè rí ò tíì yọ láti 1604. Oscar Duhalde tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkè kan náà ti fi ojú lásán rí i ṣáájú lóru ọjọ́ yẹn!

Kámẹ́rà díjítà ló wá lé gíláàsì lọ. Èyí tó wà ní Cerro Pachón, òkè kan ní Chile, báyìí, 3,200 mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì, báàlù ló gbé e láti California dé Santiago ní 2024, ọkọ̀ akẹ́rù gbé e gòkè, June 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ fi fótò ẹ̀ han aráyé.