Mátíù Orí 18 Nínú Ọ́fíìsì Bọ́sà

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan báyìí, a ò tíì lu agogo àsẹ́ḿbílì, mo bá màmá kan lẹ́nu géètì wa, òun àti ọmọ ẹ̀ obìnrin tó wà ní JSS2, wọ́n ti dá ọmọ yẹn padà sílé lọ́jọ́ Fúráìdè torí owó súkúù. Ìyẹn nìkan ò lè yà mí lẹ́nu, súkúù aládàáni wo ló wà n'Íléṣà yìí tí kì í lé ọmọ lọ sílé torí owó? Ohun tó bá mi lójijì ni ìbéèrè tí màmá náà bi mí, ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú o, ọmọ yìí ní lẹ́yìn tí wọ́n ka Baba Wa tán ni wọ́n mú ìwé jáde tí wọ́n ń pe orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè. Ṣé ara àdúrà yẹn náà ni?"

Mi ò rí èsì fún un. Mo ní kí ọmọ máa lọ sí kíláàsì, kí àwa méjèèjì lọ rí bọ́sà, ìyẹn ẹni tó ń gba owó súkúù. Àmọ́ ìbéèrè yẹn bá mi délé, ó tún bá mi dé Máàsì ọjọ́ Sọ́ńdè.

Iṣẹ́ káńsẹ́lọ̀ ni mò ń ṣe nílé ìwé Kátólíìkì, ó ti lé lọ́dún mẹ́tàdínlógún báyìí. Èmi ni wọ́n ń mú ọmọ tó jalè wá bá, ọmọ tó jà, ọmọ tí ò jẹun láti àárọ̀, àti òbí tó fẹ́ wá lu tíṣà. Àwọn èèyàn sì máa ń bi mí pé kí ló tiẹ̀ yàtọ̀ nínú súkúù Àgùdà, wọ́n á máa dá a dáhùn fúnra wọn, wọ́n á ní ẹ ń ka àdúrà Áńjẹ́lọ̀sì ní aago méjìlá ọ̀sán, ẹ ń ka rósárì lóṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹwàá, Fadá ń wá ṣe Máàsì, ère Màmá Màríà wà níwájú súkúù. Gbogbo ẹ̀ ló dáa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú un kúrò níṣojú mi. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá Ìhìnrere ń gbé inú súkúù kan, ẹ lọ jókòó sí ọ́fíìsì bọ́sà fún wákàtí kan, tí ẹ bá kúrò níbẹ̀ ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ tó ṣẹ̀ wí.

Tí wọ́n bá ní kí n mú orí kan ṣoṣo nínú Bíbélì kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá àwọn tíṣà, Mátíù orí 18 ni màá mú. Ẹ bá mi kà á láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má fa ẹsẹ kan yọ. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń bi Jésù pé ta ló tóbi jù, ló bá pe ọmọdé kan ó gbé e dúró sáàárín wọn. Ó ní ẹni tó bá mú ọ̀kan nínú àwọn kékeré yìí kọsẹ̀, ó sàn kí wọ́n so ọlọ mọ́ ọn lọ́rùn kí wọ́n jù ú sókun. Ó sọ ti àgùntàn kan tó sọnù nínú ọgọ́rùn-ún. Ó sọ bí a ṣe ń bá ẹni tó ṣẹ̀ wá sọ̀rọ̀. Pétérù rò pé òun ń ṣe dáadáa bí òun bá dárí jini lẹ́ẹ̀meje, Jésù já a kulẹ̀. Gbèsè ló wá fi kádìí ẹ̀. Ọmọdé ló bẹ̀rẹ̀ orí yẹn, gbèsè ló parí ẹ̀, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ súkúù rí á mọ̀ pé bí táàmù kọ̀ọ̀kan ṣe ń lọ náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìbáwí ná. Ẹsẹ 15 sí 17 ní tí ẹnì kan bá ṣẹ̀ ọ́, lọ bá a, ìwọ àti òun nìkan. Tí ò bá gbọ́, mú ẹnì kan tàbí ẹni méjì dání. Tó bá tún kọ̀, ìgbà yẹn lo tó lè sọ fún ìjọ. Ẹ wá wo àwa tíṣà, ìjọ la kọ́kọ́ ń sọ fún! A ó fa ọmọ jáde ní àsẹ́ḿbílì, a ó ní kó kúnlẹ̀, a ó ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ létí gbogbo súkúù, ẹgba á dún, ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá parí tán la ó wá ní kó wá sí ọ́fíìsì wá ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Òkè àtẹ̀gùn la ti ń bẹ̀rẹ̀, ká tó sọ̀ kalẹ̀ wá sísàlẹ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn owó kan sọnù ní SS2, owó ìrìn-àjò tí wọ́n ń kó jọ, ₦14,500, nínú báàgì kápútẹ́nì kíláàsì. Tíṣà kíláàsì fẹ́ kí a tú báàgì gbogbo ọmọ lójú pápá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ̀ǹda ọjọ́ kan fún mi. Mo pe àwọn ọmọ mẹ́ta tó kẹ́yìn jáde nínú kíláàsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò pariwo, mi ò halẹ̀, mo kàn ní ẹnu ọ̀nà mi á ṣí sílẹ̀ títí di aago mẹ́rin. Aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn wọlé, ó ti fi owó yẹn ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù ẹ̀gbọ́n ẹ̀, tẹ́tẹ́ sì ti jẹ gbogbo ẹ̀ tán.

Ibí yìí ni àwọn kan máa ń ṣi ìdáríjì gbọ́. Mo dárí jì í, ó sì dá owó náà padà títí kan kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, méjèèjì ò bá ara wọn jà. Sákéù nínú Lúùkù orí 19 fúnra ẹ̀ ló ní ìlọ́po mẹ́rin lòun máa fi dá ohun tí òun rẹ́ jẹ padà. Èmi ò béèrè ìlọ́po mẹ́rin, àmọ́ ọmọ yẹn fi gbogbo hólídè ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò ìyá ẹ̀ tó ń ṣe fọkanáísà lọ́nà Ìjámọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi san án tán. Àwa mẹ́rin la mọ̀: èmi, òun, ìyá ẹ̀, tíṣà kíláàsì. Ó jáde ní súkúù wa láìsí ẹni tó pè é lólè rí. Ẹni tó bá rò pé mo kàn ń ṣàánú lásán ni, kó lọ wo òfin Ìjọ, ìyẹn Code of Canon Law ti 1983, nọ́ńbà 220, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ba orúkọ rere ẹlòmíì jẹ́ láìtọ́. Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyàfi tó bá jẹ́ ọmọ JSS o.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Mo ti rí àwọn tó ń fi ẹsẹ 15 yìí bo nǹkan mọ́lẹ̀. Tí àgbàlagbà kan bá fọwọ́ kan ọmọ níbi tí kò yẹ, tàbí tí tíṣà ń fi mẹ́sẹ́èjì ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin lóru, ẹ má sọ fún mi pé "lọ bá a, ìwọ àti òun nìkan". Ọ̀rọ̀ ẹsẹ 6 nìyẹn, ọ̀rọ̀ ọlọ. Ọmọ ò gbọdọ̀ lọ dojú kọ ẹni yẹn, kò sí ìpàdé ẹbí, kò sí "ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ nínú ilé". Ọsibítù àti ọlọ́pàá ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn náà ẹ tún fi tó Bíṣọ́ọ̀bù létí, torí Pópù Francis ti ṣòfin láti 2019 pé kí dáyósíìsì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àgbègbè tí Bíṣọ́ọ̀bù kan ń bójú tó, ní ọ̀nà tí gbogbo èèyàn mọ̀, tí wọ́n lè gbà fi àlùfáà tàbí sístà tó bá ṣe irú ẹ̀ sùn. Orúkọ súkúù tí a ń bò yẹn, ọmọ ló ń sanwó ẹ̀.

Ó yá, owó súkúù. Ìjẹ̀ṣà ni wá, a mọ gbèsè sísìn! Àwọn bàbá wa ló ń gbé aṣọ kiri ìlú onílùú tí wọ́n ń tà á láwìn, tí ọjọ́ bá pé wọ́n á padà wá, wọn ò ní jókòó, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe àwọn èèyàn wa ní Òṣómàáló. Mo ti ronú sí i dáadáa. Òṣómàáló le lóòótọ́, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ẹni tó ra aṣọ ló máa ń lọ lóṣòó sí. Mi ò gbọ́ ọ rí pé Òṣómàáló dá ọmọ onígbèsè dúró lójú ọjà Atákúnmọ̀sà kó máa pariwo orúkọ ẹ̀. Àwa tí a ń pe ara wa ní súkúù Jésù ló wá ń bá ọmọ ọdún méjìlá fa gbèsè tí kò jẹ.

Ẹ padà sí ìparí Mátíù 18. Ìránṣẹ́ kan jẹ ọba ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tálẹ́ńtì. Tálẹ́ńtì kan tó nǹkan bí 6,000 dínárì, dínárì kan sì ni owó iṣẹ́ òòjọ́ lébìrà, ẹ ṣírò ẹ̀, owó iṣẹ́ ọjọ́ mílíọ̀nù 60 nìyẹn, ta ló fẹ́ san án? Ọba fi jì í. Bó ṣe jáde ó pàdé ẹni tó jẹ òun náà ní 100 dínárì, ló bá fún un lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ oníwàásù á ní owó kékeré ni 100 dínárì yẹn. Kékeré kọ́ o, owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ó lé ni, ní ayé ìsinsìnyí owó súkúù táàmù kan lè má tó o. Ẹ̀tọ́ ẹni yẹn ni kó béèrè owó ẹ̀. Ọwọ́ tó fi fún un lọ́rùn ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Torí náà mi ò sọ pé kí súkúù má gba owó. Tí òbí ò bá san, kí la ó fi san owó tíṣà? Òfin Ìjọ kan náà, nọ́ńbà 1286, ní kí àwọn tó ń bójú tó ohun ìní Ìjọ san owó tó tọ́ tó sì tó gbé bùkátà fún òṣìṣẹ́. Tíṣà tó ń jẹ gàrí láti ọjọ́ kẹwàá oṣù, ẹ má ní kó wá fi ìfẹ́ Kristi kọ́ ọmọ yín ní Máàtì. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ilé tí wọ́n ti ra aṣọ ẹbí mẹ́ta nínú táàmù kan tí wọ́n sì ní kí ọmọ wá sọ fún bọ́sà pé dádì ò tíì gba owó oṣù, ọmọ ló ń gbé irọ́ yẹn wá sí géètì pẹ̀lú báàgì ẹ̀.

Ohun tí a yí padà ní súkúù wa lẹ́yìn ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn ò pọ̀. Wọn ò pe orúkọ mọ́. Bọ́sà á kọ́kọ́ fi fóònù pe òbí, tí kò bá gbé e, á pè é lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta èmi náà á dìde lọ sílé. A gbà kí wọ́n pín in san lẹ́ẹ̀mẹta. Owó díẹ̀ tún wà tí àwọn tó ti jáde ń dá fún àwọn tí nǹkan le fún gan-an, àwa mẹ́ta péré la mọ ọmọ tí wọ́n san tiẹ̀, ọmọ gan-an ò mọ̀, ẹ rántí ọwọ́ òsì tí kò gbọdọ̀ mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Pirinsípà bẹ̀rù pé àwọn òbí á yẹ̀yẹ́ wa. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ṣì wà.

Àwọn ọmọ Mùsùlùmí náà ń kọ́? Wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ wa, nínú ilé kan náà n'Íjẹ̀ṣà ẹ lè bá Àlàájì àti Kátékíìsì tó jẹ́ ọmọ ìyá kan. Ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń pè ní Vatican Kejì sọ ọ́ ní 1965 pé súkúù Kátólíìkì tí àwọn tí kì í ṣe Kátólíìkì ń lọ jẹ́ ohun tí Ìjọ fẹ́ràn gan-an, wọ́n sì ní kí a ṣètọ́jú aláìní, ẹni tí kò lẹ́bí, àti ẹni tí kò gba ìgbàgbọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn dákẹ́ jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹ bá ń kọ Kabiyesi Màríà, ó tán.

WAEC ńkọ́, ẹni tó bá wá bá mi pé kí n bá òun wá ẹni tó máa wọlé ìdánwò ran ọmọ òun lọ́wọ́, mo máa ń bi í pé ṣé ẹni yẹn náà ló máa wọlé bá a kọ JAMB ni. Ọ̀pọ̀ wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni tí àyè bá wà.

Fún ilé, ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń sọ fún òbí: tí ọmọ bá dé, kí ẹ tó béèrè ipò tó gbà, ẹ bi í pé ta ló jẹun ọ̀sán pẹ̀lú ẹ̀, ta ló dá wà, kí sì ló ṣe fún ẹni yẹn. Ẹ bi í fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á máa wò yín bíi pé nǹkan ń ṣe yín.

Màmá tó bi mí ní ìbéèrè yẹn padà wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ìlàjì owó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó so ó mọ́ etí ìró. Bọ́sà gbà á, ó ní kó máa lọ, pé òun á fi rìsíìtì rán ọmọ. Mo fa àga fún un, ó kọ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó lóṣòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó ní ọmọ Iléṣà lòun, òun ò ní dìde níbẹ̀ títí wọ́n á fi kọ rìsíìtì yẹn lé òun lọ́wọ́.