Àwo òṣùmàrè ni, ẹ yé pè é ní gíláàsì kánífà

Ẹni tó bá gbọ́ "kánífà" ní Àkúrẹ́, Calabar ló máa rò, àti àwọn tó ń jó lójú títì nínú oṣù Disẹ́ńbà. Kò sẹ́ni tó máa rántí àwo. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn kan takú pé ká máa fi pe àwo onígíláàsì àtijọ́ tó ń kọ yẹ̀rì, irú èyí tó wà nínú ṣòkéèsì ìyá mi l'Óǹdó.

Àwọn tó ṣe é gan-an kò pè é bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ Fenton ní Williamstown, West Virginia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1907. Northwood, iléeṣẹ́ gíláàsì mìíràn, tẹ̀lé e ní 1908. Nígbà tí ọjà rẹ̀ kú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ta ẹni tó bá jẹ ayò lọ́rẹ níbi àríyá ìta gbangba. Ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí àwọn tó ń kó o jọ tó sọ ọ́ ní kánífà. Ṣé ìnagijẹ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ àìríná ló yẹ ká wá sọ di orúkọ?

"Àwo dígí" náà kò bá a mu, torí dígí lohun tí à ń wojú nínú rẹ̀. "Àwo aláwọ̀ mèremère" ńkọ́? Àwo tí wọ́n kùn lọ́dà náà láwọ̀ mèremère. Ọ̀rẹ́ mi kan ní "àwo ọ̀kín" ló dáa jù. Mo gbọ́ ọ lágbọ̀ọ́yé, nítorí Northwood tẹ ọ̀kín sára tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èso àjàrà ló wà lára ti ìyá mi. Ṣé ká wá máa pè é ní àwo àjàrà?

Ẹ wo bẹntiróòlù tó kán sínú omi òjò níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì l'Ókè-Àró. Ó pọ́n, ó dú bí aró, ó di àwọ̀ ewé. Ẹ tẹ orí díẹ̀, ó ti yí padà. Ẹnikẹ́ni kò da ọ̀dà síbẹ̀. Epo náà ló fẹ́lẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ ń ta padà lójú rẹ̀ àti lábẹ́ rẹ̀. Bí àwo yìí ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn: wọ́n á tẹ gíláàsì yíyọ́ nínú mọ́òdù, wọ́n á fọ́n omi tí wọ́n po iyọ̀ irin mọ́ sí i lára nígbà tó ṣì gbóná, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á sì bò ó. Ìdí tí mo fi di òṣùmàrè mú nìyẹn. Òṣùmàrè kò sí níbì kan téèyàn lè fọwọ́ kàn. Oòrùn àti ibi tí ẹni tó ń wò ó dúró sí ló ń gbé e yọ.

Olówó ni Louis Comfort Tiffany, oníṣọ̀nà gíláàsì ará Amẹ́ríkà, ń ṣe irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ fún. Fenton ṣe tiẹ̀ lówó pọ́ọ́kú kí tábìlì òṣìṣẹ́ náà lè tàn. Owó kòkó ni ìyá mi fi ra tirẹ̀. A kò jẹun nínú rẹ̀ rí. Ọjọ́ tí àwọn àna bá wá nìkan ló ń jáde, tòun ti obì, ìyá mi á sì rọra tì í sún mọ́ fèrèsé, títí oòrùn á fi kàn án.