Bí Iná Orí Ìtàgé Bá Ń Gbọ̀n, Ẹ Wo Ìparí Wáyà

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ tí yóò máa darí iná orí ìtàgé, kọ̀ǹpútà tó yẹ kó rà ló máa ń kọ́kọ́ bi mí. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe wàhálà. Arduino, pátákó kékeré tí à ń kọ prógíráàmù sí, pẹ̀lú MAX485, ègé ẹ̀rọ tó ń gbé àmì sórí wáyà, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná lọ, ti tó. Ẹni tó fẹ́ máa tẹ bọ́tìnì lójú kọ̀ǹpútà lè gbé QLC+, prógíráàmù ọ̀fẹ́ tó ń darí iná, sórí kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń pè ní Raspberry Pi.

DMX512 ni èdè tí àwọn iná náà ń gbọ́, ó ti wà láti 1986. Àyè 512 ló wà nínú wáyà kan, àyè kọ̀ọ̀kan sì ń gbé nọ́ńbà láti 0 dé 255. Iná tó ní pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù gba àyè mẹ́ta. Bí àdírẹ́sì iná àkọ́kọ́, ìyẹn àyè tó ti bẹ̀rẹ̀, bá jẹ́ 1, 4 ni ti èkejì. Ẹ fún àwọn méjèèjì ní 1, ẹ ó pe Táyé, Kẹ́hìndé náà á dáhùn.

Wáyà gan-an ló ń fìyà jẹni. Wáyà máíìkì wọ ihò ẹlẹ́nu mẹ́ta tó wà lára iná, tí wọ́n ń pè ní XLR, wẹ́kú, ìyẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ó tan èmi náà. Iná mẹ́rin ń ṣiṣẹ́ geere nígbà ìdánrawò. Bí mo ṣe so ìkẹjọ mọ́ ọn, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Odidi alẹ́ ni mo fi ń tún prógíráàmù kọ lásán. Àmì tó dé òpin wáyà tí kò rí ohun tí yóò gbé e mì á ta padà bíi bọ́ọ̀lù tó kọlu ògiri, á sì dí èyí tó ń bọ̀ lọ́nà. Mo fi òjé jó rẹ̀sísítọ̀ 120 ohm, ohun tí yóò gbé àmì náà mì, mọ́ ẹnu (pin) 2 àti 3 nínú orí wáyà XLR kan, mo kì í bọ iná ìkẹyìn. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá ra wáyà DMX gidi.

Ẹ má fi wáyà yẹ̀ka bí igi: inú iná kan ni kó ti bọ́ sí òmíràn. Bí iná bá ju 32 lọ, ẹ fi splitter, ẹ̀rọ tó ń pín àmì sí wáyà púpọ̀, sí i.

DMX kì í wò ó bóyá àṣẹ dé. Iná tí àṣẹ kan bá fò á rí òmíràn kíákíá, torí bí ìgbà 44 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló lè tún un rán. Ṣùgbọ́n èmi ò ní so iná ẹlẹ́tù tàbí ohun tó ń gbé ènìyàn sókè mọ́ ọn láé.