Ajá tí kì í yé họra: ibi tí ìyún ń gbà wọlé àti bí wọ́n ṣe ń dá a dúró

Òru ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti kú tán, ní Àlékùwódò o, ní Òkè-Baálẹ̀ o, l'Óṣogbo, èèyàn á ṣàdédé máa gbọ́ gbì gbì gbì lábẹ́ àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá ló ń lu símẹ́ǹtì níbi tó ti ń họ etí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó kà á sí. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta irun ìdí ìrù ti ń re, awọ ti pọ́n, ẹnì kan á ní èkúrú ni, ẹlòmíì á ní kí wọ́n lọ gba ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ẹ̀mù lọ́wọ́ mẹkáníìkì kí wọ́n fi pa á látorí dé ìrù. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń wọ́, torí ara yíyún kì í ṣe àìsàn, àmì ni, bí ara gbígbóná ṣe jẹ́ àmì, ohun tó sì lè fà á pọ̀, oògùn tó mú ọ̀kan lè má ṣe òmíì ní nǹkan kan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú awọ rèé. Awọ ajá fẹ́lẹ́ ju tèèyàn lọ, irun ló ń bá a bò ó. Inú awọ yẹn, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó dà bí ọdẹ àdúgbò, wọ́n jókòó, wọ́n ń ṣọ́ olè. Lára ajá tó ní àlẹ́jì, ọdẹ yìí ti ṣi ọ̀nà: itọ́ kòkòrò, eruku ilé, ìyẹ̀fun òdòdó, ẹran màlúù inú abọ́, nǹkan tí ajá kejì ò tiẹ̀ kà kún, òun á pè é lólè. Ara á wá ṣe nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní IgE, á lọ lẹ̀ mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí, ọjọ́ tí "olè" bá tún dé, sẹ́ẹ̀lì á tú histamine àti oríṣiríṣi èròjà míì sínú awọ, ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á máa yún. Ìdí nìyẹn tí àlẹ́jì kì í fi í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ajá lè ti máa jẹ oúnjẹ kan fún ọdún méjì kí ara ẹ̀ tó kọ̀ ọ́.

Àwọn tó máa ń sáré lọ ra Piriton, oògùn àlẹ́jì èèyàn, ní kẹ́míìsì, ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu pé ajá ò yé họra. Piriton ń dí ọ̀nà histamine ni, bẹ́ẹ̀ lára ajá, histamine kọ́ ni ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ ìyún, èròjà míì tí wọ́n ń pè ní interleukin-31 ló ń gbé ìròyìn lọ fún iṣan tó ń sọ fún ọpọlọ pé "họ ọ́".

Tó bá ti wá họ ọ́, ìṣòro kejì dé nìyẹn. Èékánná á gé awọ, bakitéríà àti yíìsì tó ti wà lára ajá tẹ́lẹ̀ láìṣe nǹkan kan á ráyè wọlé, wọ́n á máa pọ̀, àwọn náà á tún máa mú ibẹ̀ yún. Ajá á wá máa rùn bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí ò tíì gbẹ, awọ á dúdú, á nípọn. Èèyàn lè ti pa ohun tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà tán o, kí ajá ṣì máa họra torí ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí.

Nínú gbogbo ohun tó lè fà á, eégbọn kékeré tó ń fò, tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní flea, ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí, pàápàá tó bá jẹ́ pé ìdí ìrù àti ẹ̀yìn itan ni ajá ń bù jẹ. Itọ́ ẹ̀ ló ń fa àlẹ́jì, ajá tí ara ẹ̀ kọ̀ ọ́, kò dìgbà tí ogún bá jẹ ẹ́, ẹyọ kan tó jẹ ẹ́ láàárọ̀ lè mú un họra fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn kan á wo irun, wọn ò rí nǹkan, wọ́n á ní kò sí eégbọn. Kí wọ́n fi kóòmù ya irun náà, kí wọ́n gbọn ìdọ̀tí dúdú tó bá jáde sórí tíṣù funfun tí wọ́n ti fi omi rin, tó bá ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ flea ni, ẹ̀jẹ̀ ajá tó ti mu ló ń yà.

Ibi tó ti ń já èèyàn kulẹ̀ ni pé àwọn flea tó wà lára ajá kéré gan-an sí gbogbo wọn. Abo kan lè yé ẹyin tó 40 sí 50 lóòjọ́, ẹyin yẹn ń yọ̀, kì í dúró sára irun, ó ń já bọ́ síbi tí ajá bá sùn sí: orí fóòmù, abẹ́ àga, inú erùpẹ̀ ibi ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Níbẹ̀ ló ti máa di ìdin, ìdin á wé nǹkan mọ́ra, á sùn sínú ẹ̀, ó sì lè sùn fún oṣù mélòó kan títí tó fi máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tàbí kó mọ ooru ara lára. Ìyẹn ni àwọn tó ti ìrìnàjò ọdún dé ṣe máa ń ṣílẹ̀kùn ilé tí kòkòrò á fò mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ajá nìkan kọ́ ni wọ́n ń tọ́jú, ibùsùn ẹ̀ ni kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀, kí wọ́n sá a sóòrùn, kí wọ́n gbá gbogbo kọ̀rọ̀, gbogbo ajá àti ológbò inú ilé ló máa gba oògùn lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n má sì dá a dúró kó tó pé oṣù mẹ́ta. Fóòmù tó ti gbó, ẹ jù ú nù jàre.

Eégbọn ńlá tó ń lẹ̀ mọ́ etí, ògiri ló fẹ́ràn, inú ihò ògiri ló ń yé ẹyin ẹ̀ sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn kan máa ń tú adìẹ sílẹ̀ nínú ọgbà pé á bá wọn ṣa á jẹ, adìẹ tó bá rántí òwe eégbọn imú ayínrín, pé òun náà oúnjẹ ayínrín ni, kò ní í sún mọ́ ajá yẹn rárá.

Èkúrú ní tiẹ̀, orúkọ kan ni wọ́n fi ń pe oríṣi méjì. Èyí tó ń yún burúkú, kòkòrò tójú ò lè rí ló ń gbẹ́ ihò sínú awọ, ó fẹ́ràn etí-etí àti ìgúnpá, tí wọ́n bá fi ìka ra etí ajá náà mọ́ra, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í họ afẹ́fẹ́. Ó ń ràn, kódà ó lè mú àwọn ará ilé họra fúngbà díẹ̀. Èkejì, ọmọ ajá ló sábà máa ń mú, ara ìyá wọn ni wọ́n ti ń kó o láàárín ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n bí wọn, irun á kàn máa re lójú àti lẹ́sẹ̀, ìyún kì í pọ̀, kì í sì í ran èèyàn. Dókítà ẹran á fi abẹ ha awọ díẹ̀, á wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù kó tó sọ èwo ni.

Oògùn wà fún gbogbo kòkòrò wọ̀nyí. Àwọn tuntun bíi fluralaner, tó ń ṣiṣẹ́ tó ọ̀sẹ̀ 12 fún flea, máa ń mú flea, eégbọn àti èkúrú pa pọ̀, owó ẹ̀ ló ń dun èèyàn, ajá tó bá sì ní gìrì, kí wọ́n sọ fún dókítà kó tó gbé e mì. Ivermectin pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ti màlúù ni wọ́n sábà ń tà, ó lágbára, ìwúwo ajá ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, Collie àti àwọn Jámánì Ṣẹ́pádì kan sì wà tí ó lè wọ ọpọlọ wọn, kí wọ́n dá kú. Abẹ́rẹ́ àfojúdá ò dáa.

Ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ńkọ́? Ẹ̀rún irin àti kẹ́míkà tó ti jóná nínú ẹ́ńjìnnì ló kún inú ẹ̀, ajá á lá a, á wọ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹ̀. Sniper àti ọtapiapia, oògùn apakòkòrò inú ilé, tún burú jùyẹn lọ, awọ ló ń gbà wọlé, ajá á máa da itọ́, á máa gbọ̀n, ó lè kú lọ́jọ́ yẹn gan-an. NAFDAC ti ní kí wọ́n yé ta ìgò kékeré 100ml Sniper láti 2019, wọ́n sì ṣì ń fi wẹ ajá. Ọṣẹ dúdú, eérú ló wà nínú ẹ̀, ó ń ya awọ, nínú ọyẹ́ pàápàá ló máa ń mú ajá fọ́ funfun bí ẹni da gàrí sí i lára. Àdín lè rọ awọ gbígbẹ díẹ̀, kò pa kòkòrò kankan.

Ìwẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ni omi tútù tàbí lílọ́wọ́ọ́wọ́, gbígbóná máa ń dá kún ìyún. Ṣampú ajá tó ní chlorhexidine ń kápá bakitéríà àti yíìsì, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dúró lára tó ìṣẹ́jú 10 kí wọ́n tó ṣan án, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyẹn, wọ́n á fi pa á, wọ́n á da omi lé e lójú ẹsẹ̀.

Tí kò bá sí kòkòrò, tí awọ sì ti mọ́, tí ìyún ò lọ, oúnjẹ ló kù tàbí afẹ́fẹ́. Ti oúnjẹ, ẹran inú ẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, màlúù tàbí adìẹ, tàbí kó jẹ́ wàrà, kì í ṣe gàrí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ajá á fi jẹ ẹran kan tí kò jẹ rí, bí ehoro, pẹ̀lú ọ̀dùnkún sísè, kò sí Maggi, kò sí àlùbọ́sà, torí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Eegun adìẹ kan tí ọmọ ilé bá jù fún un láàárín ẹ̀ ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Tí ìyún bá lọ, wọ́n á dá oúnjẹ àtijọ́ padà, tó bá tún bẹ̀rẹ̀, ó ti hàn kedere.

Ti afẹ́fẹ́ àti eruku ló le jù, torí kò lópin, àtẹ́lẹsẹ̀, ojú, etí àti abíyá ló máa ń yún, ó sì sábà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ orí ajá bá wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́ta. Prednisolone ń pa ìyún yìí kíákíá, àmọ́ ajá á máa mu omi bí ràkúnmí, á máa tọ̀ sílé, tó bá sì ti lò ó pẹ́, dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, wọn kì í dá a dúró lójijì. Oclacitinib, tí wọ́n ń tà bí Apoquel, ọ̀nà interleukin-31 yẹn gan-an ló ń dí, ajá tí kò tíì pé ọdún kan kì í lò ó. Ìyún lè lọ lálẹ́ ọjọ́ kejì o, awọ tó ti nípọn kì í yára rọ̀, irun ìdí ìrù á ṣì gba oṣù kan sí méjì kó tó bo ibẹ̀.