Póìǹtì Kan Tó Gbé Bìrìtéènì Gòkè: Bí Ìdíje Àgbáyé Họ́kì Orí Yìnyín Ṣe Ń Pín Ipò

Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2018, ní Budapest tí í ṣe olú-ìlú Họ́ngárì, ikọ̀ họ́kì orí yìnyín ti Bìrìtéènì fìdí rẹmi nínú eré tí wọ́n fi kádìí ìdíje wọn, síbẹ̀ àwọn náà ni wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà, tí wọ́n sì gòkè lọ sí ìpele tó ga jù lọ lágbàáyé. Létí ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ló mọ̀, ọ̀rọ̀ náà lè dún bí àlọ́. Inú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka póìǹtì nínú họ́kì ni àlàyé rẹ̀ wà.

Ẹni 6 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń kó sórí pápá yìnyín lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ́lé wà lára wọn. Bàtà tí irin mímú wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń sáré, wọ́n sì ń fi ọ̀pá gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀kì. Ìṣẹ́jú 60 ni eré náà, wọ́n sì pín in sí ọ̀nà 3.

IIHF, ìyẹn àjọ họ́kì orí yìnyín lágbàáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris lọ́dún 1908, ló ń ṣàkóso ìdíje àgbáyé náà. Ife Àgbáyé bọ́ọ̀lù ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin, àmọ́ ọdọọdún ni ti họ́kì, ó sì jọ líìgì ju ife lọ, nítorí pé ṣe ni wọ́n to àwọn orílẹ̀-èdè bí ẹní to àkàbà. Orílẹ̀-èdè 16 ló wà lókè pátápátá, tí wọ́n pín sí ọ̀nà méjì, 8 sí apá kan, 8 sí ìkejì. Abẹ́ wọn ni Ìpele Kìíní A wà pẹ̀lú orílẹ̀-èdè 6, Ìpele Kìíní B náà ní 6 lábẹ́ ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni àkàbà náà ṣe ń bá a lọ títí dé ìsàlẹ̀. Ìpele kọ̀ọ̀kan ló ní ìdíje tirẹ̀, ní ìlú tirẹ̀. Nínú Ìpele Kìíní A, àwọn méjì tó bá ṣíwájú ni yóò gòkè, ẹni tó bá gbẹ̀yìn yóò sì já sí B.

Nínú ìdíje oní-ikọ̀ 6 bẹ́ẹ̀, kálukú á bá àwọn 5 yòókù ta kàn-ń-gbọ̀n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Budapest, láàárín ọjọ́ 7 ni wọ́n fi parí gbogbo rẹ̀. Àkókò yìí kéré débi pé ikọ̀ tó bá ṣubú lónìí kì í rí àyè ṣọ̀fọ̀, nítorí pé lọ́la tàbí lọ́túnla ni yóò tún wọ pápá.

Eré kankan kì í parí sí ọ̀mì. Bí ìṣẹ́jú 60 bá pé tí góòlù sì dọ́gba, wọ́n á dín iye àwọn tó wà lórí yìnyín kù, wọ́n á sì fi àkókò díẹ̀ kún un, tí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá a wọlé yóò jáwé olúborí. Bí kò bá sí ẹni tó gbá a wọlé, wọ́n á bọ́ sí pẹnáritì, níbi tí agbábọ́ọ̀lù kan yóò ti gbé pọ́ọ̀kì dojú kọ aṣọ́lé ní òun nìkan. Ẹni tó bá borí láàárín ìṣẹ́jú 60 yóò kó póìǹtì 3, ẹni tó pàdánù kò ní rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti kọjá ìṣẹ́jú 60, olúborí gba 2, ẹni tó pàdánù náà gba 1. Nítorí náà, póìǹtì 3 ló wà nínú gbogbo eré, ohun tó kàn ń yí padà ni bí wọ́n ṣe pín in. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ jinlẹ̀: ikọ̀ tó bá di ọ̀mì mú títí agogo fi lù ti rí póìǹtì kan gbà, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Bìrìtéènì, tí Peter Russell jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, na Sloféníà 3 sí 1, wọ́n na Pólándì 5 sí 3, wọ́n sì na Ítálì 4 sí 3. Póìǹtì 9 nìyẹn. Kàsàkístánì ló fi ojú wọn rí màbo pẹ̀lú góòlù 6 sí 1. Ìyà ńlá ni lóòótọ́, àmọ́ lójú tábìlì, kò yàtọ̀ sí pípàdánù pẹ̀lú góòlù kan péré, nítorí pé òfo ni ẹni tó pàdánù láàárín ìṣẹ́jú 60 ń gbà, iye góòlù yòówù kó jẹ́. Tí ikọ̀ méjì bá dọ́gba ní póìǹtì, èsì eré tí àwọn méjèèjì jọ gbá ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Tí wọ́n bá tó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ya eré tó wà láàárín wọn sọ́tọ̀, wọ́n á sì to tábìlì kékeré mìíràn láti inú rẹ̀.

Póìǹtì kan ló wá kù tí Bìrìtéènì nílò lọ́jọ́ ìkẹyìn, níwájú Họ́ngárì tó gba àlejò ìdíje náà. Họ́ngárì ń lé wọn ní 2 sí 1 bí àkókò ti ń tán lọ. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ tó wà lẹ́yìn sábà máa ń yọ aṣọ́lé kúrò kó lè fi agbábọ́ọ̀lù kan kún àwọn tó ń kọlù; ẹnu àwọ̀n á ṣófo gbayawu, ṣùgbọ́n ẹni tó máa pàdánù lọ́nàkọnà kò ní ohun púpọ̀ tó ń bẹ̀rù. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 15.8, Robert Farmer gbá a wọlé, ó di 2 sí 2. Họ́ngárì ló borí nínú pẹnáritì, àmọ́ póìǹtì Bìrìtéènì ti di 10 kí ẹnikẹ́ni tó gbá pẹnáritì kankan. Ítálì ló ṣe ìkejì, wọ́n jọ gòkè, Pólándì já. Kàsàkístánì tó fi 6 sí 1 na olúborí kò kúrò níbi tó wà.

Ọdún 1994 ni Bìrìtéènì ti wà lókè kẹ́yìn. Ní ọdún 2017, Ìpele Kìíní B ni wọ́n ṣì wà, kí wọ́n tó gòkè láti Belfast, èyí tó fi hàn pé ọdún méjì ti tó láti gun àkàbà náà bí gbogbo nǹkan bá bọ́ sí i.

Lókè, ẹni tó bá gbẹ̀yìn nínú ọ̀wọ́ 8 kọ̀ọ̀kan ló ń já. Ní Košice ní Slofákíà, oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Bìrìtéènì pàdánù eré 6 àkọ́kọ́. Nínú ìkeje, Faransé ti gbá góòlù 3 sí wọn nínú kí wọ́n tó jí. Wọ́n san mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, Ben Davies sì gbá ìkẹrin wọlé nínú àfikún àkókò. Faransé ló já. Bìrìtéènì dúró títí di ọdún 2022 kí àwọn náà tó já, wọ́n tún gòkè láti Nottingham ní ọdún 2023, wọ́n sì tún já ní Prague ní ọdún tó tẹ̀ lé e.